Wákàtí Ìdárayá ní Ilé-Ìwé

Nínú ìwé ètò iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri kíláàsì ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ilẹ̀ Yorùbá, ibì kan wà tí wọ́n kọ "Ìdárayá" sí. Bóyá Ọjọ́bọ̀ ni, nígbà tí oòrùn bá ti yẹ àtàrí. Bóyá ọjọ́ Ẹtì ni, nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí wọ́n lu agogo ìparí. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rò pé ní wákàtí yẹn, orí pápá ni gbogbo àwọn ọmọ yóò wà, tí wọn yóò máa sáré, tí wọn yóò máa fò, tí ariwo wọn yóò sì máa dún dé títì. Ṣùgbọ́n bí ó bá yọjú wo inú kíláàsì lójú fèrèsé, yóò rí ogójì ọmọ, nígbà mìíràn ọgọ́ta, tí wọ́n fún ara wọn lórí àga, tí wọ́n dorí kodò tí wọ́n ń kọ̀wé. Olùkọ́ ti kọ ọ́ sí ara pátákó pé: "Kí ni ìdárayá? Dárúkọ àǹfààní márùn-ún tí ó wà nínú rẹ̀." Àwọn ọmọ ń dà á kọ. Òógùn ń bọ́ lára wọn, ṣùgbọ́n ooru kíláàsì ni ó fà á, kì í ṣe eré sísá.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá pa ènìyàn lẹ́rìn-ín bí kò bá ṣe pé àwọn ọmọ ni wọn yóò san gbèsè rẹ̀. Kò sí ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn tí í fi àlàyé ẹnu lásán kọ́ ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ ní aṣọ òkè híhun. Ìdí òfì ni yóò gbé e jókòó sí, yóò sì fi ọ̀kọ̀ lé e lọ́wọ́. Kò sí apẹja létí ọ̀sà Èkó tí í ní kí ọmọ òun kọ́kọ́ kọ àǹfààní márùn-ún tí ó wà nínú lílúwẹ̀ẹ́ sínú ìwé kí ó tó wọ omi. Ẹ̀kọ́ tí ó bá jẹ́ ti ara, ara ni ó ń gbà á. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé gbà pé ọmọ lè mọ ìdárayá láìṣe é, kí ó sì gba máàkì lé e lórí. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà tún ìlànà ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án ṣe lẹ́yìn ọdún 2010, wọ́n kó ẹ̀kọ́ ìdárayá àti ìlera pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ti iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ti kọ̀ǹpútà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Ète wọn ni láti dín ẹrù tí ó wà lórí ọmọ kù, ète náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ní ibi púpọ̀ ni pé ìdárayá di orí kan nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Ìlànà tuntun tí wọ́n kéde ní ọdún 2025 tún fún un ní orúkọ ti ara rẹ̀ padà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kò lè sáré. Bí wákàtí náà kò bá kúrò lórí pátákó kí ó dé orí pápá, ibi tí ọ̀rọ̀ wà tẹ́lẹ̀ náà ni yóò wà.

Ní ayé àtijọ́, kò sí ẹni tí ó ń wá wákàtí ìdárayá fún ọmọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọmọ yóò ti lọ sí odò ní ẹ̀ẹ̀mejì. Yóò gbá àgbàlá, yóò bá baba rẹ̀ dé oko, yóò sì ru igi bọ̀ wá sílé. Làálàá ni púpọ̀ nínú èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣe àárò rẹ̀ bí ẹni pé adùn ni. Ṣùgbọ́n bí alẹ́ bá lẹ́, tí òṣùpá bá yọ, eré gidi yóò bẹ̀rẹ̀. Wọn a ṣe bojúbojú, wọn a ja ìjàkadì lórí yanrìn, wọn a sì ṣe ẹkùn mẹ́ran. Nínú ẹkùn mẹ́ran yìí, àwọn ọmọ a di ọwọ́ ara wọn mú, wọn a sì ṣe agbo roboto. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹran, àárín agbo ni ó máa ń wà. Ọ̀kan ni ẹkùn, ẹ̀yìn agbo ni ó ń yí ká. Ẹkùn yóò wá ibi tí ọwọ́ kò bá ti le láti já wọlé. Bí ó bá já wọlé, ẹran yóò sá jáde gba abẹ́ apá ẹlòmíràn, eré yóò sì bẹ́ sílẹ̀. Nínú eré kan yìí, ẹsẹ̀ ń sáré, apá ń fà, ojú ń ṣọ́, ẹnu ń dáhùn orin, gbogbo ọmọ tí ó wà ní agbo ni ó sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Kò sí èyí tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ń pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ ìdárayá tí ó bá ronú sí i dáadáa yóò rí i pé àwọn àgbà tí kò wọ ilé-ìwé rárá mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò tíì mọ̀.

Nígbà tí ìwé dé, àwọn tí ó mú un wá kò pa ara tì. Ilé-ìwé àwọn ìjọ àti ti ìjọba àtijọ́ a máa ní pápá, ó kéré tán èyí tí àwọn ọmọ fi àdá ara wọn ṣán. Dírílì wà ní òwúrọ̀. Nígbà ìjọba àwọn Òyìnbó, bí ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù Karùn-ún bá kò, tí wọ́n ń pè ní Ọjọ́ Ẹ́mpáyà, àwọn ọmọ láti ilé-ìwé gbogbo a máa yan bí ológun, wọn a sì figagbága nínú eré sísá. Ní ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, agogo eré wà bí agogo oúnjẹ ti wà: bí wọ́n bá ti jí nínú oorun ọ̀sán, kò sí ẹni tí yóò fi ara pamọ́ sí yàrá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ abúlé fi ń rìn lọ sí ilé-ìwé, tí wọ́n sì fi ń rìn bọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ti ìgbà náà ni ó dára. Ọmọ mìíràn fi ebi sáré, ẹgba sì pọ̀ nínú dírílì ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣùgbọ́n ara ọmọ kò jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ọmọ òde òní ńkọ́? Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó tẹ̀lé ọmọ kan tí ó wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé girama ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn, láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí ó bá sùn. Inú ọkọ̀ baba rẹ̀ ni ó wà, tàbí lórí ọ̀kadà, tàbí nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, nígbà tí ó ń lọ. Agogo mẹ́jọ ni ó jókòó, agogo méjì ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Wákàtí mẹ́fà nìyẹn. Wọn kò sì tíì tú wọn sílẹ̀ tán, nítorí lẹ́sìnì ń bẹ, èyí tí yóò mú un jókòó títí di agogo mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ọkọ̀ ni yóò tún gbé e délé. Iṣẹ́ àṣetiléwá ń dúró dè é. Bí ó bá ṣe é tán, tẹlifíṣọ̀n wà níwájú, fóònù sì wà lọ́wọ́. Bí àwọn òbí kò bá jẹ́ kí ó jáde, wọn kò jẹ̀bi pátápátá, nítorí títì kún fún ọkọ̀, ìgboro sì kún fún ẹni ibi. Bí wọ́n bá ka gbogbo ìṣẹ́jú tí ọmọ náà fi mí gúlegúle ní ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ìgbà tí ó sáré bá ọkọ̀ nìkan ni.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tí ó gbé jáde ní ọdún 2020 pé ọmọ tí ó wà láàrin ọdún márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún gbọ́dọ̀ máa lo ara rẹ̀, tí èémí rẹ̀ yóò fi máa yára, fún ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́, ó kéré tán. Ó fi kún un pé ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀, kí eré agbára tí ń mú iṣan àti egungun le wà nínú rẹ̀. Ìròyìn kan tí ó jáde ní ọdún 2019, tí wọ́n kó jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé mílíọ̀nù 1.6 ní orílẹ̀-èdè 146 títí di ọdún 2016, fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó wà láàrin ọdún mọ́kànlá sí mẹ́tàdínlógún, 81 ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Olówó àti tálákà ni ó wà nínú ìwọ̀nyí, dúdú àti funfun.

Kí ni ara ń fi eré ṣe? Ọkàn ènìyàn, iṣan ni. Bí apá alágbẹ̀dẹ ti ń le nípa òòlù tí ó ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn ọmọ tí ń sáré ń le, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó bá ń sinmi, ìlù díẹ̀ ni yóò lù láti ti ẹ̀jẹ̀ tí ó tó káàkiri ara. Egungun pẹ̀lú, ìgbà èwe ni ó ń kó agbára jọ, fífò àti sísáré ni ó sì ń mú un le. Ohun tí ènìyàn bá kó jọ sínú egungun rẹ̀ kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún ni yóò máa ná ní ọjọ́ ogbó. Iṣan tí ń ṣiṣẹ́ a máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lò, kì í jẹ́ kí ó dá dúró síbẹ̀ di àrùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, tí wọ́n ń sọ ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá di aláìsàn nígbà tí ọmọ wọn ṣì ń fẹ́ owó ilé-ìwé, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n fara hàn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kékeré ni wọ́n ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí kò bá kọ́ láti máa lo ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún méjìlá, ó ṣòro kí dókítà tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu kọ́ ọ ní ẹni àádọ́ta ọdún.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ìwé ní ìdáhùn kan tí ó ti mú sílẹ̀, àwọn òbí sì ń gbè é lẹ́yìn: ìdánwò. WAEC ń bọ̀, JAMB ń bọ̀. Ta ni yóò máa sáré kiri nígbà tí ẹ̀kọ́ ìṣirò kò tíì parí? Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí òbí tí ó ta ilẹ̀ rán ọmọ ní ilé-ìwé ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè èsì ìdánwò. Ohun tí ó kù ni láti wò ó bóyá òótọ́ ni pé wákàtí eré ń jẹ máàkì. Ní ọdún 2010, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ìdènà àrùn kó ìwádìí 50 jọ lórí ọ̀ràn yìí gan-an, wọ́n sì yẹ gbogbo ibi tí ìdárayá àti ẹ̀kọ́ ti fi ara kanra wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ibi tí ó ju ìdajì lọ díẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tí ń ṣe ìdárayá ṣe dáadáa sí i, yálà nínú máàkì tàbí nínú ìfarabalẹ̀ ní kíláàsì. Ní èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, ìyàtọ̀ kankan kò sí. Ibi tí eré ti dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí ó bá jẹ́ olóòótọ́ kò ní sọ pé eré sísá yóò sọ òdọ̀mùgọ̀ di ọlọ́gbọ́n. Ohun tí ìwádìí náà sọ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti fi dáhùn: ilé-ìwé tí ó gba wákàtí eré fún ìṣirò kò rí èrè kan tí ó ṣeé fi hàn lórí ohun tí ó gbà. Olùkọ́ tí ó bá sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní agogo kan ọ̀sán rí kò nílò ìwádìí Amẹ́ríkà. Ó mọ bí ojú wọn ti ń rí nígbà tí wọ́n bá ti jókòó láti òwúrọ̀: wọ́n là á sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sí nílé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin le ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Nínú ìròyìn ọdún 2019 yẹn, 78 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin ni kò lo ara wọn tó; ti àwọn ọmọbìnrin jẹ́ 85. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin kì í gbẹ́yìn rárá. Àwọn ni wọ́n ń fo okùn, àwọn ni wọ́n ń ṣe tẹ́ń-tẹ́ń, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tí wọ́n sì ń ju ẹsẹ̀ sókè títí èémí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti di ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ìyá yóò ní ọmọbìnrin tí ó ti ń bàlágà kì í sáré kiri. Àwọn ọmọkùnrin yóò máa fi ara tí ń yí padà ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé-ìwé kò ní yàrá tí ọmọbìnrin lè ti pààrọ̀ aṣọ, kò sì sí omi tí yóò fi bọ́jú bí ó bá ṣeré tán. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dé, kò sí ẹni tí yóò bá sọ ọ́. Nítorí náà yóò ní orí ń fọ́ òun, yóò sì jókòó sábẹ́ igi. Bí ó bá jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò sí ẹni tí yóò lè pè é dìde mọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 1996 ní ìlú Atlanta, ọmọbìnrin ni ó kọ́kọ́ gba góòlù Òlíńpíìkì tí ẹnì kan ṣoṣo dá gbà fún Nàìjíríà: Chioma Ajunwa, tí ó fò jìnnà ní mítà 7.12. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Tóbi Amúsàn, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ó sì lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin níbẹ̀, sá eré ọgọ́rùn-ún mítà tí wọ́n ń fo igi láàrin rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, èyí tí obìnrin kankan láyé kò ṣe rí ṣáájú rẹ̀. Yàrá ìpààrọ̀ aṣọ kan àti ìkòkò omi kan kì í ṣe owó tí ó pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ òbí ilé-ìwé kan láti dá.

Ó dára kí orúkọ irú àwọn wọ̀nyí wà lẹ́nu, ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Nítorí ìfẹ́ akọni, ilé-ìwé a máa gbàgbé èrò. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ìdíje láàrin àwọn ilé yóò dé, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní íńtá-háòsì. Wọn yóò pa àtíbàbà, wọn yóò pín ara wọn sí pupa, búlúù, àwọ̀ ewé àti yẹ́lò. Àwọn òbí yóò ra aṣọ, wọn yóò sì pe àwọn ènìyàn ńláńlá láti pín ife ẹ̀yẹ. Ọjọ́ ìdùnnú ni, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ̀rin ọmọ, bóyá ọgọ́rin ni yóò sáré. Àwọn tí ó kù, ìwòran ni wọ́n wá wò. Ọmọ tí ó sanra, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, tí ó sì nílò eré ju ẹnikẹ́ni lọ, òun gan-an ni wọn kì í yàn. Pápá Ìṣeré Liberty tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, tí ó ń jẹ́ Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 2010, ohun iyì ni fún ilẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní ọdún 1963, nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún ìgbànú àgbáyé. Ṣùgbọ́n pápá ńlá bẹ́ẹ̀ a máa kó òǹwòran jọ. Pápá kékeré ti ilé-ìwé ni ó ń sọ ọmọ di eléré. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ni ó wà lónìí tí ó mọ orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Arsenal àti ti Chelsea, tí ó mọ ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé àti ìṣẹ́jú tí ó gbá a wọlé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ó sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, yóò di ìhà rẹ̀ mú kí ó tó dé ìdajì.

Ohun mìíràn wà tí ilé-ìwé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bàjẹ́. Ní ibi púpọ̀, ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n ń ní kí ọmọ lo ara rẹ̀ ni ìgbà tí ó bá ṣẹ̀. Ẹni tí ó pẹ́ dé yóò fò bí ọ̀pọ̀lọ́; ẹni tí ó pariwo yóò sáré yí ilé-ìwé ká; ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá yóò lọ ṣán koríko. Ọmọ kò sì gọ̀. Bí ó bá rí i pé ìyà ni eré sísá jẹ́ àti pé ìjókòó ni ẹ̀san ọmọ dáadáa, ohun tí ó kọ́ nìyẹn, kò sì ní tètè gbàgbé rẹ̀. Olùkọ́ kan náà tí ó fi fífò jẹ ọmọ níyà ní ọjọ́ Ajé kò lè wá ní kí ọmọ náà fò tayọ̀tayọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ní ti pápá, ilé-ìwé kì í jọ ara wọn. Àwọn ilé-ìwé àtijọ́ tí wọ́n ní ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ilẹ̀ wọn, nítorí kò sí ohun tí ó rọrùn láti fi ojú sí bí ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀. Lónìí wọn yóò ní kí wọ́n kọ́ ilé ìtajà mélòó kan sí etí rẹ̀ kí owó lè wọlé. Lọ́la wọn yóò fi ọ̀nà gba àárín rẹ̀. Nígbà tí ó bá di ọ̀túnla, àwọn ọmọ yóò máa gbá bọ́ọ̀lù láàrin ọkọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀. Kíláàsì tí ó wó ṣeé tún kọ́, ṣùgbọ́n pápá tí wọ́n bá ti kọ́lé sí kì í padà. Àwọn ilé-ìwé aládàáni tí wọ́n wà nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìgboro Èkó kò ní pápá láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì wúlò kí ènìyàn máa bú wọn lójoojúmọ́ nítorí ohun tí owó ilẹ̀ kò gbà. Àgbàlá tí ó gba ogún ọmọ gba ẹkùn mẹ́ran. Okùn fífò kò fẹ́ ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Ijó ìbílẹ̀ gan-an ńkọ́? Ẹni tí ó bá jó bàtá fún ogún ìṣẹ́jú mọ̀ bóyá ó lo ara tàbí kò lò ó. Ohun tí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe aláìní kì í ṣe ilẹ̀ nìkan. Olùkọ́ tí ó gbà pé iṣẹ́ ni eré jẹ́ ni wọn kò tíì ní.

Àwọn kan yóò ní ọmọ lè fi ara pa, oòrùn lè pa á, àìsàn ara rẹ̀ sì lè dìde. Òótọ́ ni. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọ́dọ̀ sáré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́ tán. Ó gbọ́dọ̀ mu omi dáadáa, kí ó sì sinmi nígbà tí ó bá fẹ́. Ọmọ tí ó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú oògùn rẹ̀ dání. Nítorí náà ó yẹ kí olùkọ́ ìdárayá mọ ìlera ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí òbí má sì fi pamọ́ fún un. Ó yẹ kí wọ́n yí wákàtí eré kúrò ní ọ̀sán gangan lọ sí òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, kí omi mímu sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ilé-ìwé tí ó ti gbogbo ọmọ mọ́ kíláàsì nítorí pé ọ̀kan ṣubú kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ó kàn sún ìpalára náà síwájú dé ibi tí wọn kì yóò ti rí i mọ́.

Ìṣirò tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ọgọ́ta ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ méje jẹ́ 420. Bí ilé-ìwé bá tilẹ̀ fi òótọ́ inú ṣe ìdárayá ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ogójì ìṣẹ́jú, 80 péré ni yóò rí, kò sì tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ a máa tò ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn a dúró gbagidi fún ìkéde tí ó gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí wọ́n bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú rẹ̀ fún dírílì pẹ̀lú ìlù, 50 ti wọlé lọ́sẹ̀. Àkókò ìsinmi ọ̀sán wà pẹ̀lú. Ilé-ìwé mìíràn ti sọ ọ́ di àkókò tí ọmọ kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí àga nítorí ariwo. Bí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀ láti ṣeré fún ogún ìṣẹ́jú nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, 100 mìíràn nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ di 230, ó ti ju ìdajì lọ, wọn kò sì tíì ná kọ́bọ̀, wọn kò sì tíì fọwọ́ kan ìṣẹ́jú kan nínú ti ìṣirò tàbí ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ni yóò wá èyí tí ó kù: omi tí ọmọ yóò pọn, ilẹ̀ tí yóò gbá, ọjà tí yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé bí ọ̀nà kò bá léwu, bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ojúlé.

Bí òbí bá fẹ́ fi ọmọ sí ilé-ìwé girama, ìwé èsì WAEC ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé ka iwájú rẹ̀, òun náà a sì kà á tìṣọ́ra-tìṣọ́ra. Kò burú kí ó bèèrè ìbéèrè kan sí i: ọjọ́ wo ni ìdárayá wà fún kíláàsì àkọ́kọ́, àti ní agogo mélòó? Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá sì dáhùn, kí òbí náà padà wá ní ọjọ́ yẹn, ní agogo yẹn, kí ó dúró létí pápá.